Oníṣòwò tó bá mọ iṣẹ́ í rán ni ẹ̀rọ AI ń wúlò fún

Kì í ṣe àìríṣẹ́ṣe ló ń dá ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké lágara lóde òní, iṣẹ́ tó pọ̀ tí kò létò ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ń ro ti ọjà tó ti tán, ti oníbàárà tó ní òun ń bọ̀ lánàá tí kò yọjú, ti ọmọ iṣẹ́ tó ń tọrọ ààyè, ti owó ilé ìwé ọmọ, ti alájọ tó máa dé lọ́sàn-án, àti ti jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ bá fi máa rọ̀, ó ti ṣe ohun mẹ́wàá, ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ṣì wà nílẹ̀. Òun ni ọ̀gá, òun ni akọ̀wé, òun ni akápò, òun náà ló ń gbálẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ní àwọn tó ń jókòó sí ìpàdé láti to irú ọ̀rọ̀ báyìí, oníṣòwò kékeré kò ní ju orí ara rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi ọ̀rọ̀ òwò wọn lọ ẹ̀rọ AI báyìí, ìyẹn ẹ̀rọ orí fóònù àti kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí, tí yóò sì fèsì bí ẹni tó ń bá ni sọ̀rọ̀. Àwọn kan ti jèrè rẹ̀ gan-an. Àwọn mìíràn gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e, òwò wọn sì burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì lò. Ohun tó yàtọ̀ ni iṣẹ́ tí kálukú rán an.

Ẹ̀rọ tó dé láìpẹ́

Ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ OpenAI, tó wà nílùú San Francisco lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé ChatGPT jáde fún gbogbo èèyàn. Google gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún 2023, Bard ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Gemini ní oṣù kejì ọdún 2024. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 náà ni ilé iṣẹ́ Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, kéde pé Meta AI ti dé Nàìjíríà, Gánà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní WhatsApp lórí fóònù lè bá ẹ̀rọ fọ̀rọ̀ wérọ̀ níbẹ̀ láìsan owó mìíràn yàtọ̀ sí owó dátà. ChatGPT àti Gemini náà ní èyí tí èèyàn lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà ṣiṣẹ́ kì í ṣe awo. Wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ jọ láti inú ìwé àti láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún un láti fi kọ́ ẹ̀kọ́. Láti inú rẹ̀ ló ti mọ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá bi í ní ìbéèrè, á máa fi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn títí ìdáhùn yóò fi pé. Nítorí náà ló ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sí ìsọ̀rí, àti bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n kò dé ọjà Bódìjà rí. Kò mọ iye tí wọ́n ta àpò ìyẹ̀fun kan lánàá, kò sì mọ̀ pé oníbàárà kan wà tí kì í san gbèsè àfi tí owó oṣù bá wọlé. Lóòótọ́, àwọn kan nínú àwọn ẹ̀rọ yìí lè wo orí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dáhùn, àmọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbẹ̀, wọn kò lè bá a níbẹ̀. Ìwé gbèsè oníṣòwò kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí wọ́n rí ní Kẹ́ńyà

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Àwọn olùwádìí, tí àwọn kan nínú wọn wá láti yunifásítì Harvard àti yunifásítì California tó wà ní Berkeley, kó àwọn oníṣòwò kéékèèké 640 jọ. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ẹ̀rọ AI tó ń gbani nímọ̀ràn lórí òwò, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n fún apá kejì ní ìwé ìtọ́sọ́nà lásán lórí bí wọ́n ṣe ń ṣòwò. Oṣù márùn-ún ni iṣẹ́ náà gbà.

Nígbà tí wọ́n wo owó tó wọlé àti èrè gbogbo wọn pa pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín wọn gẹ́gẹ́ bí òwò wọn ṣe ń lọ sí kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2023, wọ́n ní àwọn tí òwò wọn ti ń lọ dáadáa tẹ́lẹ̀ fi ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá 20 nínú 100 sún síwájú. Àwọn tí òwò wọn kò lọ dáadáa tẹ́lẹ̀ fi bíi ìdá 10 nínú 100 rẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé àwọn tó rẹ̀yìn kò lo ẹ̀rọ náà, wọ́n lò ó. Nígbà tí àwọn olùwádìí ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i, wọ́n rí i pé àwọn ọ̀ràn tó le gan-an ni àwọn tí òwò wọn kò lọ déédéé gbé síwájú rẹ̀. Kò ṣòro láti mọ ìdí. Ẹni tí nǹkan ti dàrú mọ́ lọ́wọ́ kì í béèrè ohun kékeré. Ohun tó máa béèrè ni pé, “Kí ni kí n ṣe kí òwò mi lè dáa?” Ìbéèrè yìí tóbi ju ohun tí ẹnikẹ́ni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù náà lè dáhùn lọ. Ìdáhùn tí irú rẹ̀ máa ń mú wá ni èyí tó bá gbogbo ayé mu tí kò bá ẹnì kan pàtó mu: kó polówó ọjà, kó dín owó ọjà kù, kó fi nǹkan tuntun kún ọjà. Ẹni tí owó òwò rẹ̀ ti ń tán lọ, tó tún wá dín owó ọjà kù tó sì náwó sórí ìpolówó, á kan mọ́ ògiri.

Iṣẹ́ ẹrú àti iṣẹ́ ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá rán an pé kó ra bọ́tìnnì wá láìsọ irú èyí tó fẹ́, á wo aṣọ tó wà lórí tábìlì kó tó jáde, torí ó mọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì mọ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rọ AI kò ní ojú tó máa fi wo orí tábìlì. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ tí kò pé, ìméfò ló máa fi dí ibi tó ṣófo, á sì sọ ìméfò náà bí ẹni tó dá lójú. Nítorí náà, oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ ọmọ kó tó rán an.

Nǹkan márùn-ún ló yẹ kó wà nínú iṣẹ́ tí èèyàn bá fẹ́ rán ẹ̀rọ náà. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń béèrè: irú òwò tó ń ṣe, ìlú tó wà, àti iye èèyàn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Èkejì ni gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, bó ṣe wà, ì báà má létò, torí títò ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kẹta ni iye gidi: iye owó, iye ọjà, iye ọjọ́. “Àwọn èèyàn jẹ mí lówó” kò tó, iye tí wọ́n jẹ ni kó kọ. Ẹ̀kẹrin ni ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni, tàbí lẹ́tà, tàbí ìpinnu méjì tó fẹ́ fi wéra. Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, ni pé kó sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó má tíì gbani nímọ̀ràn, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí kò yé e.

Àpẹẹrẹ aránṣọ

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ẹ jẹ́ kó dà bíi pé aránṣọ kan wà ní Òṣogbo tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ohun tó lè kọ sí ẹ̀rọ náà rèé:

“Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì la jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta la ní, ọ̀kan ti bàjẹ́, atúnẹ̀rọṣe ní ₦18,000 lòun máa gbà. Aṣọ ẹbí 24 gbọ́dọ̀ jáde kó tó di Sátidé yìí. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé 40 gbọ́dọ̀ jáde ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn oníbàárà jẹ mí ní ₦85,000. Mo jẹ ẹni tó ń ta aṣọ fún mi ní ₦60,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, ₦240,000, máa pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Gbogbo rẹ̀ ló dàrú mọ́ mi lójú. Má tíì gbà mí nímọ̀ràn kankan. Kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè márùn-ún tí ìdáhùn wọn máa jẹ́ kó o mọ èyí tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe.”

Irú ìbéèrè tí ẹ̀rọ náà máa ń bi ẹni tó bá kọ báyìí kò ju èyí lọ: Aṣọ mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rán lóòjọ́? Èwo ni wọ́n ti gé nínú aṣọ tó wà nílẹ̀? Ta ló ṣeé ṣe kó san gbèsè lọ́sẹ̀ yìí nínú àwọn tó jẹ owó? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá pẹ́? Wákàtí mélòó ni iná máa ń wà?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìkan ti tó láti tú kókó ọ̀rọ̀ náà. Ká ní aránṣọ yìí lè rán aṣọ mẹ́ta lóòjọ́, tí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè rán méjì. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣiṣẹ́, aṣọ méje ló máa ń jáde lójúmọ́. Pẹ̀lú ọ̀kan tó bàjẹ́ yìí, ọmọ iṣẹ́ kan á kàn jókòó ni, márùn-ún péré ló máa jáde. Tí wọ́n bá fi márùn-ún lójúmọ́ ṣiṣẹ́, 20 ló máa jáde láti Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, 25 sì ni nígbà tí Fúráìdè bá fi máa parí. Aṣọ kan péré ló fi lé lórí 24 tí wọ́n ń retí. Kò sí àyè fún lílọ aṣọ, kò sí àyè fún oníbàárà tó bá ní kí wọ́n bá òun fún ìdí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dúró fún ọjọ́ kan ṣoṣo, aṣọ ẹbí kò ní pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ìránṣọ náà ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, márùn-ún á jáde lọ́jọ́ náà, méje lọ́jọ́ Túsìdeè, méje lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ìyẹn jẹ́ 19. Márùn-ún tó kù á jáde ní Tọ́sìdeè, Fúráìdè á sì ṣófo fún lílọ aṣọ àti àtúnṣe. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, méje lójúmọ́ láti Mọ́ńdè sí Sátidé jẹ́ 42, yunifọ́ọ̀mù 40 náà á jáde.

Ìyẹn ni pé ₦18,000 tí aránṣọ yìí lè ti máa rò pé kó dúró dìgbà tí wọ́n bá gba owó aṣọ ẹbí tán ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Owó náà wà nínú gbèsè ₦85,000 tó fẹ́ gbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé, tó san ₦60,000 fún ẹni tó ń ta aṣọ fún un, tó sì tún ẹ̀rọ ṣe, ₦7,000 ló máa kù. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá wọlé, ó ti mọ̀ pé ẹni tó ń ta aṣọ fún un ló yẹ kó lọ bẹ̀ pé kó fún òun láyè díẹ̀, kì í ṣe atúnẹ̀rọṣe. Ní ti owó ṣọ́ọ̀bù, ₦240,000 tí wọ́n pín sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ jẹ́ ₦30,000 lọ́sẹ̀. Owó tó ń dẹ́rù bà á láàárọ̀ ti di iye tó lè máa kó fún alájọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Nínú gbogbo èyí, ẹ̀rọ AI kò sọ ohun kan tí aránṣọ náà kò mọ̀. Òun ló mọ iye aṣọ tó lè rán, òun ló mọ iye tí atúnẹ̀rọṣe bèèrè. Ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe ni pé ó béèrè, ó sì tò ó. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, ibẹ̀ sì ni èrè rẹ̀ wà fún oníṣòwò kékeré. Ìṣirò nìkan ló yẹ kí èèyàn fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé ẹ̀rọ tó mọ ọ̀rọ̀ í tò lè ṣi ìṣirò ṣe, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé kò sí ohun tó ṣe é.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn tó ṣeé rán an

Bí ọjọ́ bá rọ̀, oníṣòwò lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tó ta, ohun tó rà, ẹni tó gba àwìn, àti ohun tí kò rí ṣe, kó wá ní kí ẹ̀rọ náà pín in sí mẹ́ta: ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe lọ́la, ohun tó lè dúró, àti ohun tó lè rán ẹlòmíràn. Bó bá ń padà sínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan náà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá á wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí, ó lè ní kó wò ó bóyá ohun kan wà tó ń sún síwájú lójoojúmọ́ tí kò ṣe. Ohun tí èèyàn bá ti sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹrin, yálà kó ṣe é tàbí kó pa á rẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ṣe ìpinnu ńlá, bíi kó yá owó, kó gba ṣọ́ọ̀bù kejì, tàbí kó ra ẹ̀rọ ìlọta tuntun, lè ní kí ẹ̀rọ náà bá òun jiyàn. Kó má ṣe béèrè pé ṣé ohun tóun fẹ́ ṣe dáa, torí ẹ̀rọ yìí fẹ́ràn láti gbà pẹ̀lú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, OpenAI fúnra rẹ̀ ní láti fa àtúnṣe kan tó ṣe sí ChatGPT sẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀rọ náà ti ń pọ́n àwọn èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó dáa kí oníṣòwò kọ ni pé, “Sọ ohun márùn-ún tó lè mú kí ìpinnu yìí gbé mi ṣubú, kó o sì sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ lọ wádìí kí n tó fọwọ́ síwèé.”

Ẹni tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ lè sọ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó bá fẹ́ kó fi ẹnu sọ ọ́ sínú fóònù, kó ní kí ẹ̀rọ náà kọ ọ́ ní ìpele ìpele. Ìwé tó bá tinú rẹ̀ jáde ni kó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí ọmọ iṣẹ́ ń bi ọ̀gá lójúmọ́ ni ìwé náà máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n máa fi rán oníbàárà létí gbèsè náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gba ìṣọ́ra. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ẹni tó jẹ gbèsè jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá ẹni. Ó lè fi “o” kọ̀wé sí ẹni tó yẹ kó fi “ẹ” kọ̀wé sí, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ lójijì bíi lẹ́tà ilé ẹjọ́. Kí oníṣòwò sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí fún un, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe kó tó fi ránṣẹ́. “Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ yín ti jáde o, ₦12,000 ló ṣẹ́kù” máa ń gba owó ju ìwé gígùn lọ.

Ní ti èdè, àwọn ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ pọ̀ ju Yorùbá lọ fíìfíì. Nígbà mìíràn, àmì orí ọ̀rọ̀ máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ owó, òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó bá rí i pé Yorùbá kò yé e dáadáa lè da Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbà á gbọ́ lé lórí

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan nílùú New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò méjì àti iléeṣẹ́ wọn. Wọ́n ti kọ̀wé sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ kan pé wọ́n ti dá wọn rí. ChatGPT ló fún wọn ní àwọn ẹjọ́ náà, kò sì sí èyí tó ṣẹlẹ̀ rí nínú wọn. Bí irú èyí bá lè bá agbẹjọ́rò, kò sí oníṣòwò tí kò lè bá. Iye owó orí, iye tí wọ́n ń gbà láti forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, ohun tí NAFDAC ń béèrè, iye owó ẹnubodè, gbogbo wọn jẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ béèrè ní ọ́fíìsì tó kàn tàbí lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu àwọn òfin owó orí tuntun, àwọn kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Ẹ̀rọ tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà lè máa ka òfin tó ti kọjá fún èèyàn gẹ́gẹ́ bí òfin tó wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, ilé iṣẹ́ Samsung ní Kòríà fòfin de irú ẹ̀rọ yìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tó rí i pé òṣìṣẹ́ ti kó àṣírí iṣẹ́ sínú ChatGPT. Ohun tí èèyàn bá kọ sí ẹ̀rọ náà ti kúrò nínú fóònù rẹ̀, ó ti wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ. Nọ́ńbà àṣírí káàdì ATM, BVN, ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì, kò sí ìdí kankan tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà náà kò yẹ kó débẹ̀. Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú nǹkan báyìí láti oṣù kẹfà ọdún 2023, oníṣòwò tó ń kó orúkọ oníbàárà pa mọ́ sì wà lára àwọn tí òfin náà ń bá wí. “Oníbàárà A jẹ mí ní ₦12,000” ti tó fún ẹ̀rọ láti fi ṣiṣẹ́.

Ìwé ló ṣáájú ẹ̀rọ

Ẹni tó bá tún wo àpẹẹrẹ aránṣọ yẹn dáadáa á rí i pé iṣẹ́ tó tóbi jù ni èyí tó ṣe kí ẹ̀rọ tó dá a lóhùn. Ó mọ iye gbèsè tó wà níta, ó mọ iye aṣọ tó wà nílẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí owó ṣọ́ọ̀bù máa pé. Ẹni tí kò mọ iye wọ̀nyí kò ní ohun tó máa kọ, ìmọ̀ràn tó bá gbogbo ayé mu ni yóò sì máa gbà. Kò sí ẹni tó yẹ kó san owó fún èyí tó ń gba owó lóṣooṣù nínú àwọn ẹ̀rọ yìí nígbà tí kò tíì ní ìwé tó ń kọ ọjà rẹ̀ sí.

Àǹfààní kan tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí kò bá sí dátà tàbí tí iná fóònù bá kú, nǹkan márùn-ún yẹn ṣì ṣeé kọ sínú ìwé pẹ̀lú bírò: ẹni tí mo jẹ́, ohun tó wà lọ́kàn mi, iye rẹ̀, ohun tí mo fẹ́, àti ohun tí mi ò tíì mọ̀. Oníṣòwò tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè fi alẹ́ òní kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti iye tí kálukú jẹ sínú ìwé. Láàárọ̀ ọ̀la, iye owó náà nìkan ni kó gbé síwájú ẹ̀rọ, orúkọ wọn á dúró sínú ìwé.